Pọ́ǹpù Tó Ń Sinmi Lọ́sàn-án Gangan

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun kan tí ojú mi rí ní Mowe, nígbà tí èmi tí ẹ̀ ń pè ní bàbá lónìí ṣì ń gun àkàbà pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì lórí.

Ohun tó mú mi rántí rẹ̀ ni pé mo ń kọjá ní Ibafo lọ́sẹ̀ tó lọ, mo sì ń wo orí òrùlé. Ilé yìí, sólà. Ilé yẹn, sólà. Kódà ilé tí wọn ò tíì rẹ́, tí wọn ò tíì kùn, sólà ti wà lórí rẹ̀! Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jókòó tì mí nínú kẹ̀kẹ́ rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kò mọ ohun tí mo mọ̀ ni. Nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì dáyé, mo ti ní sólà lóko.

Ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Bíríkìlà ni mí, ọmọ Ìwó. Èmi àti Sìlífá ìyàwó mi gba yàrá kan ní Ibafo. Ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo nǹkan ṣàdédé gbówó lórí. Sìmẹ́ǹtì wọ́n, irin wọ́n, àwọn tó ń kọ́lé sì pa iṣẹ́ tì. Bíríkìlà tí kò rílé kọ́, kí ni yóò jẹ? Mo bá wá ilẹ̀ oko lọ sí Mowe.

Ìyá arúgbó kan ló fún mi nílẹ̀. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀gbá ni, ilé rẹ̀ ò sì jìnnà sí oko náà, bí o bá dúró nídìí ebè tí o ké pè é, yóò dáhùn. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ mi, kí n ṣáà máa rántí òun bí tòmátì bá so. Mo gbin tòmátì àti ata. Mo tún ra àgùntàn díẹ̀ tí mo fẹ́ máa sìn de Iléyá. Nígbà tí òjò fi máa dá, wọ́n ti di mọ́kànlá.

Òjò wá dá. Wàhálà dé!

Ìrìn odò kì í ṣe kékeré láti oko wa. Ṣé ẹ ti rí àgùntàn tó ń mumi nígbà ọyẹ́ rí? Kí o tó gbé garawa kalẹ̀ tán, wọ́n ti fá a. Tòmátì náà á wá máa wò ọ́. Èmi àti Sìlífá la jọ ń pọnmi, láti ìdájí títí oòrùn fi máa mú.

Sìlífá sì lóyún. Kí n sọ òótọ́ fún yín, oyún ti bà jẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú ìyẹn. Ẹ̀kẹta yìí ti pé oṣù márùn-ún. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní Ibafo pè mí, ó ní bí mo bá fẹ́ gbọ́ ẹkún ọmọ nínú ilé mi, ìyàwó mi ò gbọdọ̀ ru omi mọ́. Mo ní mo gbọ́. Mo ní kí Sìlífá jókòó sílé. Ó wá ku èmi nìkan, àgùntàn mọ́kànlá àti garawa méjì.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti dá mi lóhùn. Bàbá kan wà, ará Èkó, tí mo mọ fẹ́ǹsì fún ní Ifo lọ́dún tó ṣáájú. Ẹnjiníà la máa ń pè é. Ó ti ìlú òyìnbó gbé pọ́ǹpù kan bọ̀ tí kì í mu epo, tí kì í lo iná ìjọba. Oòrùn ló ń jẹ! Ó fẹ́ dán an wò lóko, bóyá yóò lè bomi rin ohun ọ̀gbìn kó sì tún fún ẹran lómi. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi, ó ní ọ̀dọ̀ mi ni òun á kọ́kọ́ gbé e wá, bí mo bá lè gbẹ́ kànga kí n sì mọ ìdúró fún táǹkì.

Bíríkìlà tí kò lè ṣe ìyẹn, kí ló ń ṣe láyé? Mo gbẹ́ kànga, mo mọ ìdúró. Ẹnjiníà gbé dígí mẹ́fà tó ń gba oòrùn dé, fífẹ̀, dúdú, tó ń dán. Orí òpó irin gíga ló yẹ kí wọ́n wà, ṣùgbọ́n ta ló ń ra irin nígbà yẹn? Mo ní kó fi í sílẹ̀ fún mi. Mo fi búlọ́ọ̀kù mọ òpó kúkúrú tí kò ga ju ìbàdí lọ, a tẹ́ dígí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lé e bíi tábìlì, wọ́n kàn dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn.

Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde, mo mú Sìlífá wá láti Ibafo kó wá wò ó. Ẹnjiníà so wáyà, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú kànga bí oyin, omi sì ń já sínú táǹkì. Kò sí èéfín, kò sí ariwo. Sìlífá kúnlẹ̀ níwájú Ẹnjiníà, omijé ló ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn. Ìyá Àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ gba omi, ó tọ́ ọ wò, ó ní ó dáa.

Ẹnjiníà wá sọ ọ̀rọ̀ kan kó tó lọ. Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Àwọn kan ń bẹ ní Ifo tó ń retí pọ́ǹpù náà fún màlúù wọn. Bí omi bá tó wa, pọ́ǹpù dúró sọ́dọ̀ wa. Bí kò bá tó, òun á tú u, òun á gbé e lọ sí Ifo. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bó ṣe rí náà ló ṣe sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ìgbádùn ni! Iṣẹ́ kékeré kan tún yọjú fún mi ní Magboro, ilé ìjọsìn kan tí wọ́n ń kọ́. Láàárọ̀, màá dé oko, màá fún àgùntàn lómi, màá yí páìpù sí ebè tòmátì, ó di Magboro. Nígbà tí màá fi dé nírọ̀lẹ́, táǹkì ti kún. Mo ń sanra!

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló yí padà. Mo dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, táǹkì ò kún dé ìdajì. Lọ́jọ́ kejì, ó tún dín sí i. Lọ́jọ́ kẹta, àgùntàn ń lá etí ọpọ́n tí mo fi ń fún wọn lómi. Bẹ́ẹ̀ ni kí n tó kúrò láàárọ̀, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án?

Mo yẹ kànga wò, omi ń bẹ. Mo yẹ wáyà wò, kò já. Mo yẹ dígí wò, eruku funfun ló wà lára rẹ̀. Mo ní ọyẹ́ ni. Láràárọ̀ ni mo ń fi aṣọ nu dígí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí mo sì ń bú ọyẹ́. Ọyẹ́ ọdún yìí mà funfun o, bẹ́ẹ̀ ni mò ń wí.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọkàn mi wá lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ṣẹ́gun. Ó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ oko mi. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù nínú ẹ̀ẹ̀rùn, níbo ló ti ń rí omi? Ẹ wò ó, inú mi tètè máa ń bí, bí inú bá sì ti bí mi, ẹnu mi kì í dúró de orí mi. Mo lọ bá a níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo pè é ní olè omi. Ó ní omi táńkà tí òun rà ni òun ń lò. Mo ní irọ́ ni. Ó ní òun lè fi Bíbélì búra. Mo ní kó lọ gbé e wá. Ó wọlé lóòótọ́, ó gbé e wá, ó sì búra. Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé mo gbà? Mo ní ẹni tó lè jí omi aboyún, ṣé ìbúra ló máa ṣòro fún un? Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń tù mí nínú ní gbogbo ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà. Ó ń fi láfún ránṣẹ́ sí Sìlífá. Bí mo bá ti ń kúrò lóko nírọ̀lẹ́, á pè mí, á ní kí n gba igbá kan lọ fún aboyún wa kó lè rí nǹkan gidi jẹ. Láfún náà funfun báláú! Kò ní iyanrìn, kò ní pàǹtí kankan. Sìlífá ní òun ò jẹ láfún tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti dáyé. Bó bá ti rò ó tán, èmi náà á jókòó tì í, màá kó òkèlè ńláńlá. Bí mo bá yó tán, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ olè omi ní èpè.

Ó ku ọ̀la kí Ẹnjiníà dé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Àgùntàn kan ti kú, abo tó tóbi jù nínú wọn. Tòmátì ti ká ewé jọ. Mo kírun tán ní Magboro, mi ò padà síbi iṣẹ́ mọ́, mo bá wọkọ̀ wá sí Mowe. Bí mo ṣe ń rìn lọ lọ́nà oko, mo rí obìnrin kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà odò. Garawa wà lórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀.

Sìlífá ni.

Ó gbé garawa láti ilé ní Ibafo, kò tilẹ̀ yà sí oko rárá, odò ló gbà lọ tààrà. Mo sáré sọ garawa náà kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, bí wọ́n bá gbé pọ́ǹpù lọ lọ́la, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ máa máa pọn ọ́n ni? Mo ní kó tètè mọ́ mi lára."

Mo sunkún lójú ọ̀nà oko lọ́jọ́ yẹn, èmi ọkùnrin. Mo mú un padà sí Ibafo kíákíá, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní ọmọ ṣì ń mira, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ó bá èmi wí, ó bá mi wí gan-an. Mo gbà á, mi ò ní àwíjàre.

Ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé mọ́. Mi ò lọ síbi iṣẹ́. Pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ dáadáa láàárọ̀, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ èèyàn, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má dójú tì mí lónìí. Nígbà tó di bí aago mẹ́sàn-án, mo lọ dúró de Ẹnjiníà ní ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀. Kò tètè dé. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàtàrí kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bá a ṣe ń rìn lọ, mo ń ròyìn olè omi fún un. Ó fetí sílẹ̀ títí, ó wá bi mí pé aago mélòó gan-an ni pọ́ǹpù máa ń dákẹ́. Mo ní mi ò mọ̀, pé mi kì í sí níbẹ̀ lọ́sàn-án.

A yọ sí oko. Mi ò gbọ́ ìró pọ́ǹpù. Mo gbójú sókè.

Ìyá Àgbà ló dúró nídìí dígí. Agbọ̀n ńlá kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, imọ̀ ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń lé adìyẹ. Dígí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ò dúdú mọ́. Láfún ló bò wọ́n láti etí dé etí, ó tẹ́ wọn pẹrẹsẹ bí ẹni pé bíríkìlà ló rẹ́ ẹ.

Síbẹ̀, àgbà ni, onílẹ̀ ni, mo gbọ́dọ̀ kí i. Mo dọ̀bálẹ̀, Ẹnjiníà náà tẹríba. Inú ìyá dùn láti rí wa. Ó ní, "Ràímì, o káre láé. Dúró díẹ̀ kó gbẹ, kí o gba ti ìyàwó rẹ lọ. Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílùú wa, mi ò rí ibi sá láfún tó dáa tó èyí rí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, tayọ̀tayọ̀. Ní ìlú tí wọ́n bí i sí, orí àpáta ni wọ́n ń sá láfún sí, ìyẹn ni kì í fi í ní iyanrìn. Ní Mowe, níbo ni àpáta wà? Àwọn kan ń lọ sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀, ṣùgbọ́n tírélà ti tẹ ti òun mọ́lẹ̀ rí, ó kù díẹ̀ kó tẹ òun náà. Ìgbà tó rí dígí wa tó mọ́, tó gbóná, tó kọjú sí oòrùn, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Bí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, á kó o jáde. Kí n tó dé, á ti gbá a kúrò. Ó tún ní òun rí i pé mò ń nu dígí láràárọ̀ kí òun tó dé. Ó ní ọmọ tó mọ oore ni mí, tó ń bá òun tọ́jú ibi tí òun máa sá nǹkan sí!

Ẹnjiníà rọra bi í pé ṣé Màmá ò ṣàkíyèsí pé pọ́ǹpù máa ń dákẹ́ ni. Ó ní òun ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé ó ń sinmi ni. Ta ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án gangan tí kì í sinmi?"

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun gbá láfún orí dígí kan kúrò, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbá a. Ó gbá a. Ó ní kó gbá èkejì. Nígbà tó dé ẹ̀kẹta, a gbọ́ tí pọ́ǹpù mí hùn nínú kànga. Ẹ̀kẹrin, omi ń kán. Ìyá dúró, ó wo táǹkì, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un mọ́, ó gbá ìkarùn-ún, ó gbá ìkẹfà, omi sì tú jáde wàá.

Imọ̀ ọ̀pẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ṣé omi aboyún ni mò ń dí láti ọjọ́ yìí?"

Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ìyá ti ń kúnlẹ̀. Arúgbó, onílẹ̀, tó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi! Mo sáré na gbalaja níwájú rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni lóòótọ́. Ta ló mọ òpó kúkúrú? Ta ló ń nu láfún tó ń pè é ní ọyẹ́? Ta ló ń gbé láfún ọ̀hún lọ sílé láti jẹ, tó ń yó, tó wá ń bú Bàbá Ṣẹ́gun?

Ẹnjiníà bi mí ìbéèrè kan tí mi ò lè gbàgbé. Ó ní ṣé mo ṣàlàyé fún Màmá bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́? Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún awakọ̀ tó ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo bíríkìlà tó wà ní Magboro. Bàbá Ṣẹ́gun pàápàá, kí a tó jà, mo ti fi yangàn sí i létí. Ẹni tó ni ilẹ̀ tí dígí dúró lé, tó ń wò ó látàárọ̀ dalẹ́, mi ò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan fún un. Mo rò pé kò ní yé e. Ó yé e kí ó tó gbá dígí karùn-ún!

Ẹnjiníà mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ nǹkan sí i. Ó ní nínú gbogbo ìwé tí òun kà nílùú òyìnbó nípa pọ́ǹpù oòrùn, kò síbi tí wọ́n ti mẹ́nu kan láfún. Pọ́ǹpù dúró sọ́dọ̀ wa. Ó ní kí n bá òun dé Ifo kí n lọ mọ òpó fún òmíràn tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n kí n mọ ọ́n ga ju orí èèyàn lọ, torí pé wọ́n ń jẹ láfún ní Ifo náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró de Bàbá Ṣẹ́gun títí tó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́ kí n pẹ́ nílẹ̀ dáadáa kí ó tó bi mí bóyá mo lè fi Kùránì búra pé mo kábàámọ̀. Mo ní màá lọ gbé e wá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fà mí dìde. Òun náà ló fún mi ní iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ rẹ̀, mo fi mọ pèpéle ńlá kan sẹ́yìn ilé Ìyá Àgbà, mo rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Mi ò lè gbé àpáta ìlú rẹ̀ wá sí Mowe, ṣùgbọ́n bíríkìlà ni mí.

Tòmátì jí. Àgùntàn mẹ́wàá dé Iléyá. Nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀, Sìlífá bí ọmọbìnrin kan, wẹ́rẹ́! Ìyá Àgbà ló fún un ní oríkì, ó pè é ní Àbẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ tó gbá láfún kúrò lórí dígí títí di ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e dé oko mọ́, òun ló ń fi aṣọ tútù nu dígí wa ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi í sílẹ̀, kò gbà. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Kí èèyàn tó wá olè lọ síta, kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó ń fún un lóúnjẹ, bóyá ìfẹ́ ló ṣì í lọ́nà. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn rẹ, jókòó tì í kí o ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ara rẹ fún un. Má sọ pé kò ní yé e.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣe yín lóore tí oore náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ba nǹkan jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́? Ta lẹ ti fẹ̀sùn kàn tó jẹ́ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa, kí èmi nìkan má bàa jẹ́ òmùgọ̀ níbí.

Àbẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà sórí ilé rẹ̀ ní Magboro. Ó pè mí pé kí n wá wò ó. Mo gun àkàbà, mo fi ọwọ́ pa dígí náà, ó mọ́, ó gbóná. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbé oúnjẹ sílẹ̀ dè mí. Láfún ni.